Ó Ku Oṣù Mẹ́sàn-án

Ìyàwó kan wà nínú ilé ẹbí wa ní Olówógbowó tí kì í jókòó. Khairiyyah ni orúkọ rẹ̀. Bó bá ń jẹun, ìdúró ni. Bó bá ń wẹ ọmọ, ẹsẹ̀ kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni ẹ ti lè bá a lórí àga, níbẹ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Èmi tí pákó lásán pín yàrá mi àti tiwọn níyà ni kí ẹ bi. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsúbà ni ẹ̀rọ yẹn ti máa ń dún, mo sì ti bú u títí, ẹnu ti rẹ̀ mí.

Ganiat ni èmi. Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni mò ń tà ní Ìdúmàgbò, ìdí nìyẹn tí Khairiyyah fi ń pè mí ní Àǹtí Olówùú, nítorí pé nílé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ubaydullah ọkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Iná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń tọ́jú ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan ní Onikan, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un. Ọmọ kan ni wọ́n ní, Nusrat, ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ọdún àkọ́kọ́ tó wọlé wa, ahun ni mo pè é. Ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀, ẹ ó fi ṣíbí wá a bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Ubaydullah a máa wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kó má bàa pẹ́, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé bí bàtà bá tètè já, èrè ìrìn náà ti wọmi, ló bá ra sálúbàtà onírọ́bà fún un kó máa wọ̀ ọ́ bọ̀. Ọkùnrin ki ṣẹ́ẹ̀tì bọnú ṣòkòtò, ó gbé bàtà aláwọ dání nínú ọ̀rá, ó ń wọ́ sálúbàtà balùwẹ̀ bọ̀ láti Onikan. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà Iléyá, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fa àgbò wọlé, ẹni méje ni wọ́n jọ dáwó ra màlúù kan, ìdá kan nínú méje ni tiwọn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe.

Kí n tó lọ jìnnà, ilé wa ní òfin kan. Bàbá tó kọ́ ọ sọ pé ọmọ tí kò níbi tí yóò forí pamọ́ sí ni òun kọ́ ọ fún. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ní ilé tiẹ̀, ibi yòówù kó wà, yóò fi yàrá sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá, Bàbá Sùlè tó jẹ́ olórí ẹbí máa ń pè wá jọ sí àárín ilé. Yóò bi olúyàrá kọ̀ọ̀kan bóyá Ọlọ́run ti pèsè ilé fún un. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó gbàdúrà fún un, a ó jẹ mọ́sà, yóò sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láàárín oṣù kan. Ẹni tó bá ní kò tíì yá, a ó ṣe àmín fún un pé kó yá. A kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Lọ́dún tó kọjá ni Àdìjátù, ọmọ àbúrò mi, dé. Ọkọ rẹ̀ ló kú. Kò pẹ́ tó parí opó ni onílé lé e jáde, ló bá kó ọmọ méjì wá sí yàrá mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: ènìyàn mẹ́rin nínú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Èyí àbúrò a máa ta mí nípàá bó bá sùn. Gbogbo wa ń retí ìpàdé kí yàrá kan lè ṣófo.

Khairiyyah, híjáàbù àti aṣọ iléèwé ló ń rán. Kó tó gé aṣọ, á kọ́kọ́ gé pátáànì rẹ̀ sórí bébà aláwọ̀ ilẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Èyí tó bá ti gbó nínú wọn, ó máa ń kó o wá fún mi kí n máa fi di bọ́tìnnì fún oníbàárà, kí n lè máa dín owó òwú kù fún un. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ìpàdé, mo fa ọ̀kan yọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo rí ìkọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Fúláàtì Ìkòròdú. Owó ayálégbé ti wọlé. Híjáàbù ilé kéú, ọgọ́ta. Ó ku mílíọ̀nù méjì. Ó ku oṣù mẹ́sàn-án, in shaa Allah.” Ìlà mẹ́ta ló fà sábẹ́ mẹ́sàn-án náà. Inú bí mi débi pé mo di bọ́tìnnì méjìlá fún ẹni tó sanwó mẹ́fà.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, mo gba ilé lọ. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ, mo tẹ́ bébà náà síwájú rẹ̀. Kò sẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ránṣọ lọ, bí ẹni pé bó bá dúró, nǹkan kan yóò lé e bá. Ó ní ilé mẹ́jọ ni onílé ti lé ìyá òun jáde kí òun tó lọ́kọ, àti pé òun ti rí ìkòkò ìyá òun nínú òjò. Ìdí nìyẹn tí òun fi ti Ubaydullah títí ó fi yáwó ilé ní báǹkì, owó ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n báǹkì ti fi kún èlé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, wọ́n sì ti dá ẹni méjì dúró níbi iṣẹ́ Ubaydullah. Bí fóònù bá dún, àyà òun a já. Òun ò lè gbé èlé yìí lọ́rùn fún ọdún mẹ́wàá, àfi kí àwọn tètè san án tán. Ayálégbé ló wà nínú fúláàtì náà, owó rẹ̀ sì ń lọ tààrà sínú gbèsè. Bí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ wa nísinsìnyí, owó ayálégbé á já, owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú á jẹ ìyókù, oṣù mẹ́sàn-án náà á sì di nǹkan bí ọdún méjì.

Mo ní èyí tó kàn mí kọ́ nìyẹn. Mo ní kó wo Àdìjátù àtàwọn ọmọ rẹ̀, kó wá sọ fún mi ibi tó fẹ́ kí wọ́n sùn. Mo ní bí Ubaydullah kò bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, èmi á bá a sọ ọ́.

Ìgbà yẹn ló dá ẹ̀rọ dúró.

“Àǹtí Olówùú, ẹ má bínú,” ó ní. “Ẹ rántí ọjọ́ tí mo bá yín dúró ti ọjà, tí ẹ lọ kírun Àyìlà? Ọkùnrin kan gbé owó wá. Ó ní òun ni ayálégbé yín ní Àgbádò.”

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo ní ilé ní Àgbádò, oníyàrá mẹ́ta. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá nígbà yẹn. Owó rẹ̀ ni mo fi rán àwọn ọmọ mi níléèwé, òun ni mo sì fi ń kó òwú báyìí. Ìgbà mọ́kànlá ni Bàbá Sùlè ti bi mí, ìgbà mọ́kànlá ni mo ti ní kò tíì yá. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, ibi tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nítòsí rẹ̀. Kí ni kí n lọ máa wá ní Àgbádò? Àwáwí tí mo ní nìyẹn, mo sì ti gbà á gbọ́ pátápátá kí ọmọ yìí tó la ẹnu.

Kò halẹ̀ mọ́ mi o. Ó sọ ọ́ tán, ó tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń kí ara wa ní kíkí àkíjù. Á ní ẹ kú ọjà, àǹtí mi, màá ní o kú iṣẹ́, ìyàwó mi, èmi á yára wọlé, òun náà á yára wọlé. Wọ́n ní olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń dun olè náà.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbogbo wa jókòó sí àárín ilé, àwọn ìyàwó sì dúró lẹ́yìn pẹ̀lú abọ́ mọ́sà, nítorí pé ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ọmọ ilé. Bàbá Sùlè bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn àgbà. Ó kàn mí. Mo ní, “Kò tíì yá, bàbá. Ẹ máa bá mi ṣàdúrà.” Wọ́n ṣe àmín. Àdìjátù ló ṣe é sókè jù. Ó kan Ubaydullah. Ilẹ̀ ló ń wò tó fi ní kò tíì yá. Wọ́n tún ṣe àmín.

Bàbá Sùlè wá kọjú sí Àdìjátù. Ó ní kò sí yàrá tó ṣófo lọ́dún yìí, kó máa fara dà á. Àdìjátù ní kò burú, ó ní Àǹtí Ganiat ń tọ́jú àwọn dáadáa, kí Ọlọ́run bá òun san án fún un. Ọmọ rẹ̀ kékeré ti sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò là. Wọ́n tún fẹ́ ṣe àmín sí ìyẹn náà ni Khairiyyah gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn wá sí àárín, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ dákun, ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ foríjì mí. A ní ilé. Ìkòròdú ló wà. A ṣì ń jẹ gbèsè rẹ̀, ìyẹn ni mo fi ń tan ara mi pé kì í ṣe tiwa. Mi ò lè gbọ́ àmín yìí mọ́.”

Ubaydullah fọwọ́ bojú. Èmi, mo di etí ìró mi mú, mò ń dúró de orúkọ mi. Mò ń rò ó pé gbólóhùn tó kàn nìyẹn. Ó dìde, ó lọ gbé abọ́ rẹ̀, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bàbá Sùlè bi í pé èló ló kù, Khairiyyah sọ ọ́. Ẹnìkan ní kí a jẹ́ kí wọ́n parí oṣù mẹ́sàn-án náà. Bàbá Sùlè béèrè ibi tí àwọn ọmọ Àdìjátù yóò máa sùn fún oṣù mẹ́sàn-án. Ó gbàdúrà fún Ubaydullah àti ìyàwó rẹ̀, ó fún wọn ní oṣù kan.

Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi lọ. Khairiyyah fúnra rẹ̀ ló gbé orí ẹ̀rọ sínú ọkọ̀. Wọ́n bẹ ayálégbé pé kó máa gbé yàrá kan, kó san ìdajì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì há ara wọn mọ́ yàrá kejì nínú ilé ara wọn. Ubaydullah gbọ́dọ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Oṣù mẹ́sàn-án wọn ti di ogún. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Khairiyyah máa ń pè mí láti sọ irú òwú tó fẹ́, á sọ oṣù tó kù fún mi, mo sì máa ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò dárúkọ Àgbádò rí. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Àdìjátù àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti kó sí yàrá Khairiyyah. Yàrá mi ti fẹ̀ báyìí, mi ò sì lè jókòó nínú rẹ̀. Ìpàdé tún ku ọ̀sẹ̀ méjì. Yaqub, ọmọ-ọmọ Bàbá Sùlè, ti gbéyàwó, ìyàwó náà ti lóyún, pálọ̀ ni wọ́n ń sùn. Lánàá ni Bàbá Sùlè wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ọ̀rọ̀ Khairiyyah ló la òun lójú, ó ní àwọn kan wà nínú ilé yìí tó ní ilé níta tí wọ́n ń fi pamọ́, àti pé lọ́dún yìí, Kùránì ni olúkúlùkù yóò fi búra kó tó dáhùn. Mo ń tú etí ìró mi, mo ń tún un dì. Ó rí i, ló bá fọwọ́ kan mí léjìká.

“Fọkàn balẹ̀, Ganiat. Ìwọ tí o ò ní ibòmíràn, kò sẹ́ni tó máa gba yàrá rẹ.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, bàbá.” Mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè dìde.