Bí Wọ́n Ṣe Dá Mi Padà sí Praimárì Fáìfù
Sítáàṣì ara yunifọ́ọ̀mù tuntun yẹn yún mi lọ́rùn láti Bẹẹrẹ títí a fi dé Agodi. Bàbá mi ló rán an. Télọ̀ ni wọ́n, ní Ìsàlẹ̀ Òsì, àwọn ló sì ń rán aṣọ fún iléèwé ńlá kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní íntánáṣọ́nà. Nígbà tí mo jáde praimárì ní àdúgbò wa, ìyá tó ni iléèwé náà ní kí wọ́n mú mi wá ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé. Bàbá mi ò dúró de èsì. Wọ́n ti rán síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ JS wáànù fún mi, èmi náà sì ti wọ̀ ọ́ yí agboolé ká, mo ń ròyìn fún ẹni tó bèèrè àti ẹni tí kò bèèrè.

Nígbà tí a dé iléèwé náà ní Agodi, ìṣirò inú ìdánwò ò yọ mí lẹ́nu rárá. Ìwé tí wọ́n ní kí n kà, mo kà á geere. Ìgbà tó yá, tíṣà obìnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò fi èdè òyìnbó bi mí pé kí ni mo máa ń fẹ́ràn láti ṣe tọ́wọ́ mi bá dilẹ̀. Mo rò pé àlàáfíà àwọn ará ilé wa ló ń bèèrè. Mo káwọ́ sẹ́yìn, mo dá a lóhùn ketekete pé dáadáa ni gbogbo wọn wà, wọ́n sì ní kí n kí i.

Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó pe bàbá mi wọlé.

"Sà, ọmọ yín ní ọpọlọ. Ṣùgbọ́n tó bá lọ sí JS wáànù báyìí, kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní praimárì fáìfù, kí etí rẹ̀ lè mọ́ èdè òyìnbó."

Mo sunkún délé. Bàbá mi jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n rán pínáfọ̀ àwọn ọmọ praimárì.

"Wọ̀ ọ́ wò," ni wọ́n wí. "Ìwé ni mo ní kó o lọ kà, mi ò ní kó o lọ ṣe fọ́ńté."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí àwọn ẹgbẹ́ mi má baà rí mi. Èmi ni mo ga jù ní kíláàsì, ẹ̀yìn ni wọ́n sì fi mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánò dé. Òyìnbó tirẹ̀ náà ń kọsẹ̀, Yorùbá rẹ̀ sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò ìsinmi, mo ń kọ́ ọ ní Yorùbá, a jọ ń fi òyìnbó wa tó dàrú bú ara wa, a ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi di táàmù kẹta, mo lè fi èdè òyìnbó jà, kí n sì borí.

Nígbà tí ọdún parí, tíṣà tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò níjọ́sí ránṣẹ́ pe èmi àti bàbá mi. Ó ní mo ti ṣe dáadáa, kí n fo síìsì, kí n bọ́ sí JS wáànù tààrà. Mo wo ẹ̀yìn fèrèsé, mo rí ọ̀rẹ́ mi tó ń dúró dè mí. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n bá wọn ṣe síìsì."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn.

Ọdún méjì ni àwọn ẹgbẹ́ mi ní agboolé fi ṣáájú mi jáde. Mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ti bímọ, kò sì sẹ́ni tó tíì bi mí rí pé ọdún mélòó ni mo lò ní praimárì. Bí wọ́n bá bi mí, mi ò ní fi pa mọ́. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kàwé, méjì yẹn ni mo gbádùn jù.