Elétí-Ehoro Ń Wá Ohùn Sátẹ́láìtì

Elétí-ehoro là ń pe ẹ̀gbọ́n yìí níbi iṣẹ́, torí ohun tí etí ẹlòmíì ò lè gbọ́ nínú rédíò, òun á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n oṣù méjì gbáko ni kò fi gbọ́ nǹkan kan, ara sì ń kan gbogbo wa.

Sátẹ́láìtì kékeré kan tí kò ju páálí bàtà lọ, tí a fi ọdún márùn-ún tò, ti wà lókè. A fura pé bátìrì rẹ̀ ń kú lọ nítorí pé kò kọjú sóòrùn dáadáa. A fẹ́ ránṣẹ́ sí i pé kó yíjú padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi tí a bá kọ́kọ́ mọ ibi tí ìgbì tó ń gbé ohùn rẹ̀ wà gan-an. Ohùn ọ̀hún sì dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ páànù nígbà òjò.

Bó bá ti ń kọjá lórí wa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ̀gbọ́n á gbà á sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, á gé ìṣẹ́jú kan níbẹ̀, á wá máa kó ohun tó wà nínú ẹ̀ lé ara wọn: ariwo á máa pa ara rẹ̀, ìgbì tó bá dúró sójú kan á sì máa ga. Ọgbọ́n gidi ni, kò kàn ṣiṣẹ́ ni! Ìgbà mọ́kànlélógójì, pàbó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun," mo bẹ̀ ẹ́.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ṣé oúnjẹ ló máa bá mi wá a?"

Ó bú òfuurufú, ó bú ẹ̀rọ, ó bú èmi náà mọ́ ọn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó fìbínú kó èyí tó gbà sílẹ̀ nígbà kẹsàn-án lé ara wọn lódindi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìgé. Ìlà tín-ín-rín kan yọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù, kò rí nǹkan kan.

"Kí ló yàtọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo wo ìwé iṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, fáànù ẹ̀gbẹ́ rédíò wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Fáànù tó ń yíjú sọ́tùn-ún sósì ni. Bó bá kọjú sí rédíò, rédíò á tutù. Bó bá yíjú kúrò, á tún gbóná, ìwọ̀n tó fi ń wá ìgbì á sì máa fì síwá sẹ́yìn. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi ni mo gbé fáànù síbẹ̀ kí ooru má bàa pa wá. Ojú tì mí, inú bí mi sí ara mi.

"Ìwọ àti fáànù ẹ!" Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá ni fáànù fi ń lọ tó fi ń bọ̀, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà yọ fífì yẹn kúrò nínú gbogbo ohun tá a ti gbà sílẹ̀. Ni ìlà bá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èkíní. Ọ̀gá wa sáré wọlé, ó ń pàtẹ́wọ́.

"A ti rí i! Ẹ tètè ránṣẹ́ sí i!"

Ẹ̀gbọ́n ṣì kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ń wò wọ́n lọ. Ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n wà. Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n wà, àmọ́ kò lágbára mọ́. Ìkejìdínlọ́gbọ̀n, òfo. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Títí dé ti àná, òfo. Bátìrì ti kú, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́," ló wí. "Ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló pè wá."