Kíkà Aago Méjì Ọ̀sán

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti alábàágbé mi fi ka tẹmọ́mítà kan náà. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi ń gbé òkè, òun ń gbé ìsàlẹ̀. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì ni òun, òun náà ti fẹ̀yìn tì. Ìṣó kan wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lókè, níbi tí òòrùn kì í dé. Ibẹ̀ ni mo gbé tẹmọ́mítà kọ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni tèmi. Lọ́sàn-án mo máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn, nítorí náà òun ló ń gun òkè lọ kà á ní aago méjì. Bí mo bá ń jáde, màá fi ìwé tí a ń kọ nọ́ńbà sí sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá dé, màá gbà á, màá sì dúpẹ́.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún un pé àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá gbogbo ayé ń gbóná sí i. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Sìsí mi, tí ara ọmọ bá gbóná, abíyá la ń ki tẹmọ́mítà bọ̀. Ayé ńkọ́? Níbo ni abíyá tiẹ̀ wà?”

“Kò ní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀ láti ilé dé ilé.”

“Háà! A jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé wa ni abíyá ayé.”

A rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan láti yunifásítì gbọ́ nípa ìwé wa. Ó ní àwọn tó ń ṣírò ooru ayé ń rí nọ́ńbà láti pápákọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n láti àárín ilé bíi tiwa, ó ṣọ̀wọ́n. Ibi tí kò bá ti sí nọ́ńbà, ti ibi tó sún mọ́ ọn ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Ó ní kí n mú tẹmọ́mítà wá sí ọ́fíìsì kan lẹ́bàá Tinúbú, kí a fi wé tirẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo yọ ọ́ lára ìṣó, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo gbé e sí báàgì. Alábàágbé mi wà ní balùwẹ̀ nígbà tí mo ń jáde. Mo gbé ìwé sórí tábìlì rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, n kò sì rántí sọ fún un pé tẹmọ́mítà kò sí lókè.

Ní Tinúbú, a ki tèmi àti ti obìnrin yunifásítì náà bọ inú abọ́ omi kan náà. Tèmi fi díẹ̀ ga ju tirẹ̀ lọ. Ojú tì mí.

“Màmá, èyí ò burú,” ni obìnrin náà wí. “Bó ṣe ṣì lánàá ló ṣe ṣì lónìí. A kàn máa yọ ìyẹn kúrò nínú gbogbo rẹ̀ ni.”

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wálé. Mo gba ìwé lọ́wọ́ alábàágbé mi, mo ṣí i. Ó ti kọ tiẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó rẹwà: aago méjì, méjìlélọ́gbọ̀n ààbọ̀.

Mo tú táwẹ́ẹ̀lì. Mo gbé tẹmọ́mítà lé orí ìwé náà.

“Kí lo kà?”

Ó wò ó, ó wò mí. “Sìsí mi, ẹ jókòó ná.”

“Mo bi ọ́ ní ìbéèrè.”

“Orúnkún mi ni. Àtẹ̀gùn yẹn ti ju agbára mi lọ.”

“Báwo lo ṣe wá ń rí nọ́ńbà?”

“Ara mi ni mo fi ń kà á. Tí òógùn bá ti dé ọrùn, ó ti kọjá ọgbọ̀n. Tó bá dé ẹ̀yìn, ó di méjìlélọ́gbọ̀n. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì, ẹ gbà mí gbọ́.”

“Òógùn kì í ṣe dígírì. Ọ̀rinrin ọ̀sà nìkan tó láti mú wa làágùn. Ààbọ̀ ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ fẹ́ràn ààbọ̀. Tí mi ò bá kọ ààbọ̀, ẹ máa ní mi ò wò ó dáadáa.”

“Ṣé bí o ṣe ń ka ti àwọn aláìsàn nìyẹn?”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ yẹn. N kò tíì ṣe é.

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ̀yin lẹ ní tí a bá gbé tẹmọ́mítà kúrò lójú kan, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́ fún yín.”

Mo bi í ní ìgbà tó gun òkè kẹ́yìn. Ìbéèrè yẹn ló ká mi lára jù, torí bó bá lè dárúkọ ìgbà kan, ohun tó ṣáájú rẹ̀ ṣì lè yè. Ó ronú. “Kí wọ́n tó pààrọ̀ páànù òrùlé ni. Àbí lẹ́yìn ẹ̀? Tí ara bá yá, mo ṣì máa ń gùn ún.”

Òkúta inú ìrẹsì ṣeé ṣà. Ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ àti irọ́ rẹ̀ jọra nínú ìwé yẹn, ọwọ́ kan náà, yíǹkì kan náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe obìnrin yunifásítì náà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun yóò gba ti àárọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ti ọ̀sán, kò sí bí òun ṣe lè rí ìpíndọ́gba ọjọ́ kan. Ó ní kí n fagi lé ti ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì lò ó.

Mo mú rúlà, mo ń fa ìlà sí òpó aago méjì, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn. Mo mọ̀ pé àwọn ọjọ́ tí alábàágbé mi gun òkè ní tòótọ́ wà nínú wọn. Mo fa ìlà sí àwọn náà.

Ó wá dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń pè mí. “Sìsí mi, ẹ ò ní jẹun ni?”

Mo gbọ́ ọ. Mo ṣí ojú ìwé tó kàn.