Ewé Ìyeyè Lójú Títì

Kí n tètè jẹ́wọ́: inú máa ń yára bí mi. Aránṣọ ni mí ní Ìkàrẹ́, àwọn oníbàárà mi sì mọ̀ pé ẹni tó bá pariwo mọ́ mi, èmi náà ní ẹnu. Ṣùgbọ́n irú inú tó bí mi nígbà tí wọ́n mú títì Ọ̀kà fẹ̀, èyí tó gba iwájú ilé ìyá mi kọjá, kò bí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ọ̀dà náà dára. Àwa náà la gbàdúrà fún un. Nígbà tí wọ́n dà á tán, a jó, a yọ̀, a dúpẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tá a fi rí i pé mọ́tò ni wọ́n ṣe ọ̀nà fún, wọn ò rántí pé àwa ní ẹsẹ̀. Gọ́tà lanu sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ó lanu sílẹ̀ lápá òsì, ẹlẹ́sẹ̀ ò ríbi gbà. Àwọn awakọ̀ wá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Àlàájà kan, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti ìyá mi gan-an lódìkejì títì. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi ń lọ, mọ́sálásí ni Àlàájà ń lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ àwọn méjèèjì ti kú, wọ́n jọ ń mu ẹ̀kọ àárọ̀ ni. Ilẹ̀ á mọ́, ìyá mi á mú ọ̀pá rẹ̀, á sọdá. Iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì fi ṣeré rárá.

Àfi lọ́jọ́ kan tí mọ́tò kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ̀ẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ ṣí gèlè lórí ìyá mi, gèlè sì bá mọ́tò lọ. Hẹ̀n! Díẹ̀ ló kù. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò sọdá mọ́. Ó gbé àga síwájú ilé, Àlàájà náà gbé tirẹ̀ síta, wọ́n wá ń pariwo síra wọn. "Mo gbọ́ pé ọmọ rẹ dé!" "Kí lo wí?" Tírélà á kọjá, á gbé ọ̀rọ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí mo bá ìyá mi tó ń sunkún lórí àga yẹn, ó dùn mí dé egungun.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Àkúrẹ́. Ó ní, "Tí oṣù yìí bá parí, mú Màmá lọ sọ́dọ̀ rẹ ní Ìkàrẹ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan pé mọ́tò ti gbá a." Mo sọ fún Màmá. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìkàrẹ́? Kí ni mo gbàgbé síbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá gbé mi kúrò nílé mi, ẹ kúkú gbẹ́ ilẹ̀ dè mí."

Ìyá mi kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lásán. Ẹ̀rù bà mí. Mo gba ọ́fíìsì kánsù lọ, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ mẹ́ta. Bóyá ẹ̀pà ni wọ́n fi ń dì báyìí. Mo lọ sí ìpàdé àdúgbò, mo ní ẹ jẹ́ ká ṣe bọ́ńpù síbẹ̀ kí mọ́tò lè máa rọra. Alága àwọn ọlọ́kadà dìde, ó ní bọ́ńpù á ba ọ̀kadà àwọn jẹ́. Bí wọ́n ṣe tú ìpàdé ká nìyẹn.

Níbi tí mo ti ń bínú bọ̀ ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tí mọ́tò bá bàjẹ́ lójú títì, awakọ̀ á já ẹ̀ka igi, á tò ó sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ewé tútù lórí ọ̀dà mọ̀ pé ewu ń bẹ níwájú, á tẹ búrèkì. Ó tán! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gé ẹ̀ka igi tó wà lẹ́yìnkùlé Màmá, mo tò ó sápá òkè, mo tò ó sápá ìsàlẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́! Awakọ̀ àkọ́kọ́ dé, ó rọra, ó yọrí síta. "Kí ló bàjẹ́ níwájú?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́," mo ní, "ìyá mi ló fẹ́ sọdá."

Àṣé mo ti ṣàṣìṣe. Igi ìyeyè ni mo gé! Èmi tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi já ewé ìyeyè fún ewúrẹ́ ní Ọ̀kà yìí, mo gbàgbé pé ewúrẹ́ lè tìtorí ewé yẹn fi ẹ̀mí wewu. Màmá ò tíì wọ bàtà tán tí gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò fi ya bo títì. Àgbà wọn, ọmọ wọn, òbúkọ onírùngbọ̀n. Mọ́tò tò lọ sókè, ó tò lọ sísàlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí Àkùngbá ń pariwo. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kọjá, nítorí awakọ̀ tó bá pa ewúrẹ́ ládùúgbò wa, gbogbo ilé ni yóò tú jáde sí i. Àwọn ọkùnrin bàǹtà-banta sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bẹ ewúrẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí, àfi bí inú ṣe ṣàdédé bí mi. Mo bọ́ sáàárín títì.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ẹ lè dúró fún ewúrẹ́, ẹ ò lè dúró fún ìyá mi! Ṣé kí n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn ni?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn mi.

Alága àwọn ọlọ́kadà wà láàárín àwọn tí ewúrẹ́ dá dúró. Kò bá mi fà á. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi nínú ewé níbẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú." Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀ lé mi lọ sí kánsù. Ohun tí lẹ́tà mẹ́ta ò rí ṣe, ọ̀kadà tó tò bámúbámú sẹ́nu géètì rí i ṣe. Kánsù fọwọ́ sí i pé ká ṣe bọ́ńpù kí oòrùn tó kan àtàrí. Nígbà tó di Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí jọ po sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ṣe bọ́ńpù méjì, wọ́n da kọnkéré bo gọ́tà, wọ́n fi ọ̀dà funfun tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun mọ́sálásí fa ìlà tí ẹlẹ́sẹ̀ á máa gbà sọdá sáàárín wọn.

Ní àárọ̀ tí ìlà náà gbẹ, mo na ọwọ́ sí Màmá kí n lè mú un sọdá. Ó gbá ọwọ́ mi dànù. Ó mú ọ̀pá, ó tẹ ìlà àkọ́kọ́. Àṣé Àlàájà ò lè dúró dè é. Òun náà ti sọ̀ kalẹ̀ láti òdìkejì. Wọ́n pàdé láàárín títì gan-an, wọ́n dìmọ́ra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ọmọ ọmọ, wọ́n béèrè eékún. Mọ́tò dúró lókè, mọ́tò dúró nísàlẹ̀. Èmi tí mo jà fún ẹlẹ́sẹ̀, èmi ni mo wá ń bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú ọ̀nà!" Wọn ò tilẹ̀ bojú wò mí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti pè. Ó gbọ́ fèrè mọ́tò, ara rẹ̀ ò lélẹ̀.

"Màmá dà?"

"Ó wà láàárín títì."

"Àárín títì! Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Bọ̀dá mi," mo ní, omi sì ti ń bọ́ lójú mi, "wọn ò tíì kíra tán."