Aago Tí Ofelia So

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ofelia Bustamante fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Tucson, ní Amẹ́ríkà. Kò fọwọ́ kan wáyà iná rí, àfi lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, tí aago tó ń tan, tó sì ń pa ẹ̀rọ omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ kú. Ó ra òmíràn, ó pa iná ilé, ó mú sukudireba láti tú ìṣó rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Chela, dúró lókèèrè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kú o! Ta ló máa se tamale àgbàdo ìsìnkú yín?”

“Ìwọ ni. Gbogbo ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ á bá mi lọ!”

Ofelia so wáyà, ó tan iná, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n dì mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí aago pa ẹ̀rọ lọ́sàn-án, aago fúnra rẹ̀ dúró, kò rìn mọ́. Ofelia wo àwòrán wáyà tó wà lẹ́yìn ìdérí aago, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti gbé wáyà tó ń mú iná wá sí ojú ibi tó yẹ kí wáyà ẹ̀rọ wà, bí ẹ̀rọ bá sì ti kú, aago náà ò ní ríná mọ́.

Ó tún pa iná, ó pààrọ̀ wáyà méjèèjì, ó tan iná padà, ó sì fi aago sí kó tan ẹ̀rọ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì jókòó tì í bí ẹni ń retí ìyàwó. Nígbà tó di agogo mẹ́rin, aago dún “kà!” Omi tú yàà.

“Ó ti ṣiṣẹ́! Chela, ó ti ṣiṣẹ́ o!”

Wọ́n jó yí adágún ká títí ẹsẹ̀ Chela fi yọ̀, ló bá fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já sómi, taṣọ ti bàtà. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn jáde.