Díńgí Tí Bàbá Mi Bá Mi Dì Mú

Bí èèyàn bá wọ ilé wa ní Sábó, ní Ṣàgámù, òórùn obì tútù ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, òórùn obì àti ti ewé tútù tí a fi ń bò ó nínú apẹ̀rẹ̀. Ó máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun, ó sì wọ inú ọkọ̀ bàbá mi débi pé kò sí àlejò tó jókòó sínú rẹ̀ tí kì í béèrè pé kí ló ń rùn báyìí. Ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà nígbà tí bàbá mi rà á, mo sì ti di olùkọ́ ní yunifásítì kí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí tó ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun wà á. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àwọn fẹ́ gba awakọ̀ fún un. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú awakọ̀ wọ ilé òun, kí wọ́n kúkú ra aṣọ òkú òun dání.

Oníṣòwò obì ni, bí bàbá tirẹ̀ náà ti jẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí wọ́n má da obì inú apẹ̀rẹ̀ jáde, kí wọ́n tún un ṣà, kí èyí tí kòkòrò ti wọ̀ má baà ba ìyókù jẹ́. Iṣẹ́ yìí ni bàbá mi fi ń ṣe fáàrí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí àwọn oníbàárà bá ti òkè Ọya dé, yóò jókòó sórí àpótí, yóò di ojú rẹ̀ méjèèjì pinpin, yóò máa fi ìka yẹ obì wò lọ́kọ̀ọ̀kan: eléyìí dáa, eléyìí ti ní kòkòrò, eléyìí ṣì máa pẹ́ nílẹ̀. Kì í ṣì í. Àwọn oníbàárà á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Alájì tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, ó ń dijú ṣa obì bí kò tiẹ̀ sí oníbàárà kankan nílé. A rò pé fáàrí náà ti mọ́ ọn lára ni. Ta ni yóò fura?

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo wá kí wọn láti Ìkẹ́nnẹ́ tí mo ń gbé. Mo bá ọkọ̀ nínú ọgbà, díńgí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì, lọ́wọ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ti fọ́ yángá. Bàbá mi ti fi okùn tí wọ́n fi ń di apẹ̀rẹ̀ obì so ó mọ́ ilẹ̀kùn, ó ta kókó rẹ̀ ní mẹ́ta bí ẹni pé ó ń gbé e lọ sí Kánò. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ọlọ́kadà kan ni," ló wí. "Orí wọn ò pé."

Mo wo ike díńgí náà, mo rí ọ̀dà aláwọ̀ ewé lára rẹ̀, ọ̀dà géètì wa gan-an. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní à á, bàbá yìí, ó ti lọ fi ọkọ̀ ha géètì ara rẹ̀, ojú wá ń tì í. Mi ò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ká mi lára ni pé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni òun àti ìyá mi fẹ́ lọ sí Ògèrè, níbi tí ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wọn lọ sókè Ọya ti máa ń dúró dè wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Ìwọ náà mọ ojú ọ̀nà yẹn, o mọ bí àwọn tírélà ṣe ń sáré níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ní wọn ò lè gba ibẹ̀ láìsí díńgí. Mẹkáníìkì wa sì ti lọ sí ìsìnkú nílùú ìyá rẹ̀. Bí mo ṣe ní èmi fúnra mi ni màá ṣe é nìyẹn. Ìyá mi tó ń nu ewé lọ́wọ́ gbójú sókè.

"Ìwọ? Ìwọ tí o ò lè pààrọ̀ gílóòbù?"

Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. Mo jáde lọ ra díńgí tuntun nínú páálí lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ó ní tòkunbọ̀ irú rẹ̀ ti tán lọ́wọ́ òun. Mo wo fídíò kan lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yá sikurudíráfà àti sípánà lọ́wọ́ aládùúgbò, mo sì ká ọwọ́ aṣọ mi sókè bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́.

Iṣẹ́ náà kò le tó bí mo ṣe rò. Ike kékeré onígun mẹ́ta kan wà nínú ilẹ̀kùn, ní ọ̀gangan ibi tí díńgí wà. Mo fi sikurudíráfà yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì rí nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó di díńgí mú. Ẹnì kan ní láti gbé díńgí dání lóde bí ẹlòmíì bá ń tú nọ́ọ̀tì nínú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò já lulẹ̀. Bàbá mi ní òun ló máa dì í mú. Ó dúró nínú oòrùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé díńgí àfọ́kù náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Èmi wà nínú ọkọ̀, mo ń làágùn, mo ń bú ẹni tó ṣe fídíò. Ọdún mélòó ni èmi àti bàbá mi ti jọ ṣe nǹkan pọ̀ gbẹ̀yìn? Mi ò rántí. Inú mi dùn bíi ti ọmọdé. Nọ́ọ̀tì kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sórí sìmẹ́ǹtì, mo jáde, mo wá a títí, mi ò rí i. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀, ó mú un fún mi. Ó ní òun gbọ́ ibi tó dún sí.

"Bàbá, etí yín mà dáa o," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó yíjú sápá kan.

Nígbà tí a gbé tuntun sí i, ó fi ìka tọ etí rẹ̀ yí po bó ṣe máa ń ṣe fún obì, ó ní eléyìí dáa. Mo yí nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta le, mo dá ike padà sáyè rẹ̀. Ó wá ku kí a yí ojú díńgí síbi tó máa bá ojú rẹ̀ mu. Mo ní kí ó jókòó sáyè awakọ̀, èmi dúró síta níwájú díńgí náà, níbi tí mi ò ti rí ojú rẹ̀, mo ń na àtàǹpàkò ti igun rẹ̀.

"Ṣé ẹ ń rí ẹ̀yìn báyìí, Bàbá?"

"Gbé e sókè díẹ̀." Mo gbé e sókè. "Yí i sọ́dọ̀ mi." Mo yí i. Ó mirí. "Ó tó. Mo ń rí géètì. Mo ń rí ìyá rẹ pàápàá níbi tó jókòó sí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ mi jọ. Mo tún wẹ̀yìn wo iṣẹ́ ọwọ́ mi kí n fi yangàn, ìgbà náà ni mo rí i. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo ojú díńgí náà láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Mo ti gbàgbé láti ṣí i. Ọ̀rá funfun tó nípọn ni, ó bò ó láti òkè délẹ̀, kò sí ohun tí ẹ̀dá alààyè lè rí nínú rẹ̀, ì báà ṣe géètì, ì báà ṣe ìyá mi.

Mo rántí ọ̀dà géètì. Mo rántí pé bàbá mi kì í lajú ṣa obì mọ́. Mo sì rántí ìyá mi nínú ọkọ̀, tí kì í dákẹ́: ọ̀kadà ń bọ̀ lápá òsì, kòtò wà níwájú, obìnrin kan fẹ́ sọdá. Gbogbo wa la ti fi ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ó fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo yíjú wò ó. Ó ti gbé ewé sílẹ̀, ó ń wò mí, ó sì rọra mirí bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́ fún ọ. Inú bí mi pẹ̀lú. Mo fẹ́ pariwo pé ṣé ẹ fẹ́ kú sí ọ̀nà Ògèrè lọ́la ni. Àmọ́ mo wo bàbá mi níbi tó jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí sítíárì, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ó ń retí bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn ìbéèrè. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo mú etí ọ̀rá náà, mo bó o. Ó dún ṣááá. Ẹni tó gbọ́ ìró nọ́ọ̀tì lábẹ́ ọkọ̀ kò lè ṣàìmọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Orí rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀.

Mo yí ká, mo wọlé jókòó tì í.

"Mi ò rí i," ló wí. "Tòsì ò ríran mọ́ rárá. Tọ̀tún dà bí ẹni pé èéfín wà níbẹ̀."

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Ó ti tó ọdún méjì. Bí wọ́n bá gbọ́ ní Sábó pé ojú mi ti lọ, ta ni yóò tún gbé obì wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ á sì gbé mi jókòó sí pálọ̀. Mi ò fẹ́ di ẹrù fún yín."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ ò lè di ẹrù fún mi láéláé. Mo fẹ́ràn yín, Bàbá." A kì í sọ irú ẹ̀ nílé wa. Ó ní òun gbọ́. Lẹ́yìn náà ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi, láìjẹ́ pé mo tọrọ rẹ̀.

Nígbà tó wọlé lọ kírun, mo bá ìyá mi wí díẹ̀ pé kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó ní, "Kò sọ fún èmi náà rí. Mi ò sì bi í. Mo kàn ń bá a wo ọ̀nà ni." Ọdún méjì gbáko ni àwọn méjèèjì fi wakọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹnì kankan nínú wọn kò là á lọ́rọ̀.

Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé wọn lọ sí Ògèrè lọ́jọ́ kejì, mo sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Tòsì ti lọ. Wọ́n rí tọ̀tún dì mú pẹ̀lú oògùn tí à ń kán sí i, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ní ti Sábó, àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n sì ṣì ń gbé obì wá fún un, torí ìka rẹ̀ kò purọ́ fún wọn rí.

Láti ìgbà yẹn, mo ti tún oríṣiríṣi nǹkan ṣe lára ọkọ̀ náà, àwọn míì dáa, àwọn míì kò dáa. Nígbàkígbà tí mo bá gbé irinṣẹ́ jáde, bàbá mi á gbé àga tẹ̀ lé mi, á jókòó síbi tí ìbòji wà. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò gbọ́ kí ọkùnrin yìí bẹ ẹnikẹ́ni fún ìrànlọ́wọ́. Ó wù ú kí ó kú sójú títì ju kí ó bẹ̀bẹ̀ lọ. Mo máa ń rò ó pé bí mo bá ti pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ náà, bóyá ì bá ti ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ mọ́ mi títí ayé. Ní báyìí, bí mo bá bi í pé ṣé ó ń rí ohun tí mo ń ṣe, á ní, "Díẹ̀ ni. Sọ fún mi." Mo sì máa ń sọ fún un.