Ọjà Ẹ̀gùá Tí N Kò Ti Rí Ẹnì Kankan

Nígbà tí mo dé ọjà Ẹ̀gùá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ata wà lórí àtẹ, gààrí wà nínú abọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dá alààyè kan níbẹ̀. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe nígbà náà, láti ọ́fíìsì wa ní Ìlaròó. À ń lọ láti ọjà dé ọjà, à ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta nǹkan, kí ìjọba lè mọ ibi tí òwò wà. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: òǹtajà tí o kò bá fojú rí, má kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlú tí wọ́n bá ṣì ń ná ọjà rẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ ṣe afárá fún, afárá Ẹ̀gùá sì ti wó sódò.

Òkúta wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ata kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí mi. Bí àwọn àgbẹ̀ wa ṣe ń ta ọjà létí ọ̀nà nìyẹn: iye òkúta ni iye owó, ẹni tó bá rà á á fi owó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí kọ́bọ̀. Mo mú ata kan kí n wò ó.

"Ẹ rọra dá a padà o, ẹ̀gbọ́n."

Ohùn obìnrin ni, láti ara òpó. Díẹ̀ ló kù kí n sá. Fóònù kan ni wọ́n so kọ́ síbẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sí àtẹ, wọ́n sì fi ẹfun kọ nọ́ńbà sábẹ́ rẹ̀.

"Níbo lẹ wà?" ni mo bi í.

"Oko ni mo wà. Àwọn oníbàárà mi ní Kùtọnú ń wo ọjà láti ọ̀hún, wọ́n ti sanwó sórí fóònù. Ràṣíìdì ọmọ mi ló ń bọ̀ wá kó o. Ṣé ẹ̀yin ni ìjọba tó fẹ́ ṣe afárá?"

"Àwa ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ wá sílẹ̀. Inú odò yẹn ni Ràṣíìdì ń gbà kọjá, àyà mi kì í balẹ̀ títí á fi dé."

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe ń lọ, àwọn òpó tó kù ń kí mi pé ó dàbọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò wẹ̀yìn.

"Ta lo rí níbẹ̀?" ni ọ̀gá mi bi mí nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì.

"N kò rí ẹnì kankan, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tà."

"Ọjà tí kò sí èèyàn? Ọjà yẹn ti kú." Ó fa igi lé orúkọ Ẹ̀gùá. Mo bá a jà, mo ní kó wá bá mi lọ wò ó. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Inú bí mi títí mo fi délé.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Lọ́jọ́ kan, mo pe nọ́ńbà ara òpó yẹn, mo ra ata. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, àpò wà lẹ́nu ọ̀nà mi, n kò sì rí ẹni tó gbé e wá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù rinrin, ó ń rùn bí ẹrẹ̀ odò. Mo tún pè é.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Ràṣíìdì. Ẹ bá mi kí Ràṣíìdì, ó ti wá."

"Àbúrò rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò rẹ̀ ló ń gba inú odò yẹn kọjá báyìí."